ṢÚÚRÀ: BÍ A ṢE Ń GBÌMỌ̀ PỌ̀ NÍNÚ ẸGBẸ́

 

 Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ṣúúrà, èyí tí í ṣe pé kí àwọn ènìyàn jókòó, kí wọ́n gbìmọ̀ lórí ìṣòro kan, kí wọ́n sì jọ fẹnu kò sí ohun tí wọn yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ wàásí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí àwa ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Atosin níbí, tó jẹ́ kí a rí i pé gbígbọ́ wàásí lọ́tọ̀, mímọ bí a ti í ṣe é lọ́tọ̀. Ìtàn náà kò bu iyì kún wa, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́ kí àwọn ẹ̀ka mìíràn lè fi tiwa kọ́gbọ́n.

ÀPÒ KÓKO MẸ́FÀ

Ẹni tó bá mọ Ìdànrè yóò mọ̀ pé kóko ni iṣẹ́ wa, kóko ni ọ̀rọ̀ wa. Láti 1986 tí ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìgbìmọ̀ tó ń ra kóko, tó sì ń dá iye lé e, oníkálukú ló ń pinnu ìgbà tí yóò tà àti ẹni tí yóò tà fún. Ní 2024, iye kóko ṣàdédé gun òkè lọ́jà àgbáyé débi pé tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ti Amẹ́ríkà, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún náà, bí ẹ bá dé ìdí ọkọ̀, kóko ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá dé ìdí ẹ̀rọ omi, kóko náà ni.

Ní àkókò yìí kan náà, òrùlé ilé-kéwú wa ń jò. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ọmọ a gbé wàláà wọn, wọn a sá wọ inú mọ́ṣáláṣí. A ti ń dá owó jọ fún ọdún kan, ṣùgbọ́n owó náà kò tó ra páànù tuntun. Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án, alága wa dìde, ó ní: "Ẹ jẹ́ kí a fi owó yìí ra kóko, kí a tọ́jú rẹ̀ di oṣù Kejìlá. Yóò ti gbówó lórí sí i nígbà náà. A ó tà á, a ó sì kan òrùlé wa." Akọ̀wé ní òun fara mọ́ ọn. Bàbá tó jẹ́ olùdámọ̀ràn wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnì kan ké "Allahu Akbar!", gbogbo wa sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

A ra àpò mẹ́fà, a kó wọn sí yàrá kékeré ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. A ní kí àwọn arákùnrin mẹ́ta kan máa kó o síta sá, kí a tó dì í pa. Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù Kejìlá, òórùn tó pàdé wa ni ó kọ́kọ́ jíṣẹ́ fún wa. Àpò mẹ́rin ti bu, ohun funfun ti bò wọ́n lára. Ẹni tó ń ra kóko fi ọ̀bẹ la díẹ̀ nínú rẹ̀, ó mi orí, ó ní òun kò lè gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ohun tó dùn wá jù ni pé ọ̀rọ̀ alága ṣẹ: iye kóko ní oṣù Kejìlá ju ti oṣù Kẹsàn-án lọ. Àwa ni a kò ní kóko tí a lè tà.

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e gbóná. Àwọn kan ní kí alága fi ipò sílẹ̀. Àwọn mìíràn, tí wọ́n sì pọ̀ jù, ní ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́ kò wúlò mọ́; kí ènìyàn mẹ́ta péré máa ṣe ìpinnu, kí ìyókù máa gbọ́. Arákùnrin kan ní kí a po èyí tó bu mọ́ èyí tó dára, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kò mọ̀ wá. Àwọn arábìnrin méjì kò tilẹ̀ wá sí ìpàdé mọ́. Ẹgbẹ́ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ fẹ́ẹ́ tú ká lórí àpò kóko mẹ́rin.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: bí ẹgbẹ́ bá gbìmọ̀ pọ̀, tí ohun tí wọ́n pinnu sì yọrí sí àdánù, ṣé kí wọ́n pa ìgbìmọ̀ tì ni?

ÌGBÀ TÍ ÀṢẸ NÁÀ SỌ̀ KALẸ̀

Sùúrà kan wà nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ash-Shura, sùúrà kejìlélógójì. Ní aaya 38 rẹ̀, Ọlọ́hun ka ìgbìmọ̀ ṣíṣe mọ́ ìwà àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Ó sì fi í sí àárín ìrun kíkí àti ìnáwó nínú ohun tí Ó pèsè fún wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ẹ wo àwọn tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ nínú aaya náà, ẹ ó mọ bí ó ti tóbi tó.

Ṣùgbọ́n aaya tí a fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò jù ni aaya 159 nínú Sùúrà Al-Imran. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ fún Ànábì (SAW) pé kó máa bá àwọn sàhábà rẹ̀ gbìmọ̀. Ìgbà wo ni aaya yìí sọ̀ kalẹ̀? Lẹ́yìn ogun Uhud ni. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn Hijira (625), àwọn Kùráìṣì kó nǹkan bí 3,000 ọmọ ogun wá bá Madina. Ànábì (SAW) pe àwọn ènìyàn jọ, ó bi wọ́n léèrè èrò wọn. Èrò tirẹ̀ ni pé kí wọ́n dúró nínú ìlú, kí wọ́n gba ogun náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́, pàápàá àwọn tí kò sí ní ogun Badr, ń fẹ́ kí wọ́n jáde lọ pàdé ọ̀tá. Wọ́n pọ̀, ohùn wọn sì ròkè. Ànábì (SAW) gbà fún wọn, ó wọlé, ó wọ ẹ̀wù ogun rẹ̀. Nígbà tó jáde, àwọn ọ̀dọ́ náà ti kábàámọ̀ pé àwọn fi agbára mú un, wọ́n ní kó ṣe ohun tó wù ú. Ó dá wọn lóhùn pé kò yẹ Ànábì tó bá ti wọ ẹ̀wù ogun kó bọ́ ọ títí tí yóò fi jà.

Wọ́n jáde, nǹkan bí 1,000 ènìyàn. Abdullahi ọmọ Ubayy yí padà lójú ọ̀nà pẹ̀lú 300. Ànábì (SAW) fi tafàtafà 50 sórí òkè kékeré kan, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń ṣẹ́gun tàbí wọ́n ń ṣẹ́gun wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀tá ń sá, púpọ̀ nínú àwọn tafàtafà náà sọ̀ kalẹ̀ láti lọ kó ìkógun. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ọ̀tá gbà wọlé. Nǹkan bí 70 Mùsùlùmí ló kú, Hamza tí í ṣe arákùnrin bàbá Ànábì wà nínú wọn. Wọ́n ṣe Ànábì fúnra rẹ̀ léṣe lójú.

Bí ẹ̀dá ènìyàn ni yóò bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò sọ kò ju pé: "Ẹ ò rí i? Èmi ti sọ bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, n kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́." Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Ọlọ́hun sọ fún un. Ó ní kó mójú kúrò lára wọn, kó tọrọ àforíjì fún wọn, kó sì máa bá wọn gbìmọ̀. Lẹ́yìn náà, bó bá ti pinnu, kó gbára lé Ọlọ́hun. Kò sọ pé kó dáwọ́ dúró. Àárín àdánù gan-an ni àṣẹ ìgbìmọ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀kọ́ kejì. Kí ló fa àdánù Uhud? Aaya 152 nínú sùúrà kan náà tọ́ka sí i: wọ́n jiyàn láàárín ara wọn lórí iṣẹ́ tí a fi rán wọn, wọ́n sì ṣàìgbọràn. Ìpàdé tó wáyé ní Madina kọ́ ni Ọlọ́hun dá lẹ́bi. Ìpinnu lọ́tọ̀, ìmúṣẹ lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa na ẹni tí kò ṣẹ̀.

KÍ LÓ BA TIWA JẸ́?

Nígbà tí a ka ẹ̀kọ́ yìí tán, a jókòó láti wá ohun tó ba kóko wa jẹ́ gan-an. A rí nǹkan mẹ́ta.

Èkíní, ìbéèrè tí a gbé sílẹ̀ kò tọ̀nà. Ohun tí alága bi wá ni pé, ṣé kí a ra kóko? Ìdáhùn méjì ló wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro wa kì í ṣe kóko. Ìṣòro wa ni pé òjò ń pa àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń kéwú. Bó bá jẹ́ pé èyí ni a bi ara wa, ìdáhùn ìbá pọ̀: a lè pààrọ̀ ibi tó ń jò nìkan, a lè ṣe ọ̀wẹ̀, a lè tọrọ igi, a lè kó àwọn ọmọ lọ sí ibòmíràn fún ìgbà díẹ̀. Kóko kàn jẹ́ ọ̀nà kan nínú ọ̀nà púpọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá gbé oògùn kalẹ̀ kó tó sọ àìsàn, orí ló ń bá a ṣe é bí àìsàn náà bá lọ.

Èkejì, ẹni tó mọ̀ kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bi ara wa tán, arákùnrin kan tó kéré jù nínú wa, tó máa ń bá àwọn tó ń ra kóko gbé àpò, jẹ́wọ́ pé ọjọ́ tí a ra kóko náà ni òun ti mọ̀ pé kò gbẹ. Gbogbo ẹni tó ń ṣe kóko ló mọ iṣẹ́ náà: bí a bá fọ́ ọ tán, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, a ó sì sá a sí oòrùn títí omi inú rẹ̀ yóò fi kù bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi náà bá ju ìdá mẹ́jọ lọ, tí a sì dì í pa, yóò bu ni. Kóko tó gbẹ dáadáa máa ń dún bí a bá fún un lọ́wọ́. Oṣù Kẹsàn-án sì ni a rà á, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Arákùnrin náà ní òun fún un, kò dún. A bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní: "Alága ti sọ̀rọ̀, akọ̀wé ti gbè é, bàbá ti rẹ́rìn-ín. Ta ni èmi?"

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí 1951, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Solomon Asch kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó fi ìlà hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n sọ èyí tí gígùn rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Ọmọdé lè dáhùn ìbéèrè náà. Ṣùgbọ́n ó ti bá gbogbo wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n jọ máa sọ irọ́ kan náà, àyàfi ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ nǹkan kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ lé irọ́ àwọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ rí òtítọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Asch fi ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ òtítọ́ sí àárín wọn, ìṣìnà náà dín kù gidigidi. Ohun tí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹnì kan tó bá sọ̀rọ̀ lè tú ahọ́n ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí a fún ènìyàn mẹ́ta kò ní olówó. A ní kí arákùnrin mẹ́ta máa sá kóko. Èkíní rò pé èkejì ti ṣe é, èkejì fọkàn tán ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta sì lọ sí oko. Àwa náà wá rí i pé a ní orí òkè tiwa tí àwọn tafàtafà kò dúró sí.

BÍ UMAR TI ṢE É

Kí ni àpẹẹrẹ ìgbìmọ̀ tó dára? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Umar ọmọ Khattab (RA) ṣe ní ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn Hijira (639). Ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, Abu Ubaydah àti àwọn olórí ogun wá pàdé rẹ̀, wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ilẹ̀ náà. Ṣé kó máa lọ ni, àbí kó padà? Ẹ̀mí àwọn ènìyàn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Umar kò dá a pinnu. Kò sì kó gbogbo ènìyàn jọ kí ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù borí. Ó kọ́kọ́ pe àwọn Muhajiruna àkọ́kọ́, ó gbọ́ tẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣọ̀kan. Ó ní kí wọ́n jáde. Ó pe àwọn Ansaru. Tiwọn náà kò ṣọ̀kan. Ó ní kí wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn àgbààgbà Kùráìṣì, ọ̀rọ̀ tiwọn sì jẹ́ ọ̀kan: kó kó àwọn ènìyàn padà. Nígbà náà ló kéde pé òun yóò padà ní òwúrọ̀.

Abu Ubaydah, tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kọ̀ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ó bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Umar kò bínú, kò sì fi ipò rẹ̀ dẹ́rù bà á. Ó ṣàlàyé fún un pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ń lọ, ó sì fi darandaran ràkúnmí ṣe àpẹẹrẹ: bó bá dé àfonífojì tí apá kan rẹ̀ tutù, tí apá kejì gbẹ, èyíkéyìí tó bá fi ẹran jẹ̀, nípa kádàrá Ọlọ́hun ni. Kò pẹ́ tí Abdur-Rahman ọmọ Awf dé. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ní ìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu Ànábì (SAW): kí ènìyàn má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má sì sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó sì padà.

Umar yìí kan náà ni ó máa ń mú Ibn Abbas, tó jẹ́ ọ̀dọ́, wọ àárín àwọn àgbà tó ja ogun Badr. Àwọn kan ní àwọn náà ní ọmọ tó tó o. Umar fi ìmọ̀ ọ̀dọ́ náà hàn wọ́n. Ní ti àwọn arábìnrin, ẹ rántí Hudaybiyyah ní ọdún kẹfà (628). Àwọn sàhábà kò dìde nígbà tí Ànábì (SAW) ní kí wọ́n pa ẹran wọn, kí wọ́n sì fá orí. Umm Salamah ìyàwó rẹ̀ ló gbà á nímọ̀ràn pé kó jáde, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó pa tirẹ̀, kó sì fá orí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Bí Ànábì Ọlọ́hun bá gba ìmọ̀ràn lẹ́nu obìnrin, ẹ̀ka wo ni yóò ní òun ga ju bẹ́ẹ̀ lọ?

OHUN TÍ A KÌ Í GBÌMỌ̀ LÉ LÓRÍ

Ṣúúrà ní ààlà. Àwọn onítàn sọ pé ní Badr, Hubab ọmọ Mundhir bi Ànábì (SAW) bóyá Ọlọ́hun ló fi ibi tí wọ́n pàgọ́ sí hàn án, tàbí èrò àti ọgbọ́n ogun ni. Nígbà tó gbọ́ pé èrò ni, ó ní kí wọ́n sún mọ́ ibi tí omi wà, Ànábì sì gbà. Ẹ kíyè sí bí ó ti kọ́kọ́ bèèrè. Bó bá jẹ́ àṣẹ Ọlọ́hun ni, kò ní sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí a kò fi gbà kí wọ́n dìbò lórí ìmọ̀ràn pé kí a po kóko tó bu mọ́ èyí tó dára. Ó wà nínú hádíìsì pé Ànábì (SAW) kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ohun tó tutù. Olówó rẹ̀ ní òjò ló pa á. Ó bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì fi yé e pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ̀yin ará, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá nawọ́ sókè fún ìrẹ́jẹ, kò lè di halaali. Òrùlé tí a bá fi owó bẹ́ẹ̀ kàn, kí ni a fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ lábẹ́ rẹ̀?

ÌGBÉSẸ̀ MÉJE FÚN ÌPÀDÉ YÍN

1. Ẹ sọ ìṣòro náà ní gbólóhùn kan, kí ẹ tó dárúkọ ọ̀nà àbáyọ kankan. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kà á sókè.

2. Ẹ bèèrè bóyá ohun tí Ọlọ́hun ti ṣe ìdájọ́ rẹ̀ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Bí kò bá yé yín, ẹ lọ bá ààfáà.

3. Ẹ wá ẹni tó mọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kóko, ẹ bi ẹni tó ń sá kóko. Bó bá jẹ́ ti òrùlé, ẹ bi káfíńtà. Bí kò bá sí nínú yín, ẹ lọ pè é wá láti ìta.

4. Kí àwọn tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí alága sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ já àgbà nírọ́, ìwà rere sì ni. Nítorí náà, kí àgbà má tíì sọ̀rọ̀, kí ọmọdé má baà ní ohun tí yóò já nírọ́. Ẹ gbọ́ tàwọn arábìnrin lọ́tọ̀ bí ojú bá ń tì wọ́n.

5. Ẹ yan ẹnì kan pé kó wá àléébù ìmọ̀ràn tó bá fẹ́ borí. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán an ni. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀tá.

6. Ẹ pinnu, ẹ kí ìrun istikhara, ẹ sì gbára lé Ọlọ́hun. Istikhara kò dípò ìwádìí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo, síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò wá jábọ̀. Bí ẹ bá ti wọ ẹ̀wù ogun, kí ẹni tí èrò rẹ̀ kò borí náà gbé tirẹ̀ bí ẹni pé òun ló dá a. Kó má ṣe lọ máa sọ ní ìta pé, "Mo ti sọ fún wọn."

7. Bó bá yọrí sí rere tàbí àdánù, ẹ jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ̀ lé ètò aaya 159: ẹ foríji ara yín, ẹ tọrọ àforíjì fún ara yín, kí ẹ sì tún gbìmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbìmọ̀ láìforíjì, ìjà ni yóò bá níbẹ̀.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ WA PARÍ SÍ

A kò yọ alága. A kò sì gbé ẹgbẹ́ lé ènìyàn mẹ́ta lọ́wọ́. Alága fúnra rẹ̀ dìde, ó ní òun tọrọ àforíjì pé òun gbé oògùn kalẹ̀ ṣáájú àìsàn. Arákùnrin wa tó dákẹ́ tọrọ àforíjì fún dídákẹ́. Àwọn mẹ́ta tí a ní kí wọ́n sá kóko náà tọrọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan lọ bẹ àwọn arábìnrin méjèèjì nílé wọn. A da àpò mẹ́rin náà nù, a ta méjì tó kù.

Nígbà tí a wá bi ara wa ní ìbéèrè tó tọ̀nà, arábìnrin kan nínú àwọn méjì náà ló sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò: apá ìwọ̀-oòrùn òrùlé nìkan ló ń jò, níbi tí ẹ̀ka igi ti ń ha páànù. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Owó àpò méjì náà tó ra páànù apá kan. Káfíńtà kan nínú ẹgbẹ́ ṣe é láìgba owó, àwọn yòókù ṣe ọ̀wẹ̀, a sì gé ẹ̀ka igi náà. Kí òjò 2025 tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Apá kejì ṣì dípẹtà, ṣùgbọ́n kò jò.

Àwọn baba ìlú Ìdànrè gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní 1923. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn òkè náà rí yóò mọ̀ pé ènìyàn kan kò lè dá gbé ìlú sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹrù ẹgbẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ wa lójú ọ̀nà, kí a jọ bẹ̀rẹ̀ gbé e ni, kí a má ṣe fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọ̀kan ṣoṣo, kó fi ọgbọ́n sí ahọ́n àwọn kékeré wa, kó fi sùúrù sí etí àwọn àgbà wa. Aamiin.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló yàtọ̀ láàárín ìpinnu tí kò dára àti ìpinnu tó dára tí a kò mú ṣẹ? Ẹ fi ogun Uhud ṣàlàyé.

2. Kí ló dé tí Umar fi pe ìjọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Sargh?

3. Ta ni kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka yín? Kí ni ẹ lè ṣe kó lè sọ̀rọ̀?

4. Ẹ mú ìpinnu kan tí ẹ̀ka yín ṣe ní ọdún tó kọjá, ẹ wò ó bóyá ẹ sọ ìṣòro náà kí ẹ tó sọ ọ̀nà àbáyọ.